Ẹrù Àlejò ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Lánipẹ̀kun

Ìbíyẹmí ni Ọlọ́run fún lọ́gbọ́n tó fi kọ áàpù tí ìjọ wọn fi ń ka Bíbélì lórí kọ̀ǹpútà. Ètò ìdarí tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ni kọ̀ǹpútà náà ń lò, olúkúlùkù ẹni tó ń lò ó ló sì ní ilé tirẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí àwọn fáìlì rẹ̀ ń gbé. Bàbá Lánipẹ̀kun, òǹkàwé ìjọ, ní tirẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló lè rí kà. Fáìlì kékeré kan ló ń bá áàpù rántí èyí. Ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá gan-an ni Ìbíyẹmí jù ú sí, ó fi àmì ìdánudúró ṣáájú orúkọ rẹ̀, torí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí ni Línọ́ọ̀sì máa ń fi pamọ́.

Bàbá kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan fi hàn án bí a ti ń rí ohun tó fara pamọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Háà! Pàǹtí kún ilẹ̀. Bàbá gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Lọ́jọ́ ìkórè, lẹ́tà yọ wínníwínní bí èèrà tó ń tò lọ. Bàbá ṣẹ́jú, ó nu gíláàsì, kò rí nǹkan kan kà. Ni Bàbá Ìjọ bá ní kí ọ̀dọ́ kan gbà á kà.

“Wọ́n ní kí n lọ máa sinmi,” ni bàbá wí fún Ìbíyẹmí lẹ́yìn ìsìn. “Áàpù rẹ ti gba iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ pa fáìlì kankan rẹ́ ni?”

“Èyí tó fọ́n ká ilẹ̀ yẹn? Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá wá kí mi, ṣé ẹnu ọ̀nà lo máa tú báàgì rẹ sí, kí o wá fi ewé bò ó?”

“Rárá, sà. Màá béèrè yàrá.”

“Ṣé kò sí yàrá níbẹ̀ ni?”

Yàrá wà. Àwọn àgbà Línọ́ọ̀sì ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ilé olúkúlùkù, kọ́ńfíìgì lorúkọ rẹ̀, kí áàpù kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ohun tí onílé fẹ́ sínú àpótí tirẹ̀ níbẹ̀. Bí onílé bá sì tọ́ka sí yàrá mìíràn, ibẹ̀ ni kí áàpù gbé e lọ. Ìbíyẹmí mọ̀ ọ́n. Ìkánjú ni kò jẹ́ kó ṣe é.

“Ọlọ́run kì í ṣe Ọlọ́run rúdurùdu,” ó wí, ó di àmùrè. “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa kàwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní gbà!”

Ó fi ààwẹ̀ àti àdúrà tún áàpù náà kọ, kó lè máa tọ́jú fáìlì bàbá sínú yàrá kọ́ńfíìgì. Nígbà tí ọjọ́ ìsìn pé, ó dúró ti bàbá níṣojú Bàbá Ìjọ.

“Ẹ gbálẹ̀, sà.”

“Kí n tún gbá a?”

“Ẹ gbá a dáadáa!”

Bàbá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò kan yàrá. Ó ṣí Bíbélì. Lẹ́tà yọ gàdàgbà-gàdàgbà. Ohùn bàbá sì gba ilé Ọlọ́run kan, gbogbo ìjọ ń ké “Àmín!”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìdí kọ̀ǹpútà ti ń pa á lówe fún ẹni tó bá fẹ́ kọ áàpù pé: àlejò tó tú ẹrù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé, ìgbálẹ̀ ni yóò bá a kó o.