Ìdí Tí Akàn Fi Ń To Ìṣù Amọ̀ Sẹ́nu Ihò Rẹ̀

Dúró ná! Ìwọ tí ò ń sáré kọjá lẹ́bàá odò, dá ẹsẹ̀ dúró, kí o sì la etí rẹ. Wo ẹnu ihò akàn. Ta ló to àwọn ìṣù amọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn síbẹ̀?

Nígbà láéláé, tí gbogbo ohun tí Ẹlẹ́dàá dá ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Akàn ní orí lọ́rùn bí àwọn ẹranko yòókù. Ó sì máa ń gbé orí náà sókè gan-an, nítorí òun ni amọ̀kòkò gbogbo wọn. Amọ̀ funfun kan wà nísàlẹ̀ odò tó máa ń pò mọ́ eérú, tó fi ń pa kòkò lára kó tó sun ún. Bí kòkò náà bá ti inú iná jáde, a máa dán gbinrin, omi kì í sì í jò níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó kú: "Ọmọ mi, amọ̀ ò jọra. Bí o bá pààrọ̀ amọ̀, ṣu díẹ̀, sun díẹ̀, kí o wò ó ná."

Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ẹranko ní kí Akàn mọ ogún kòkò, kí àwọn lè pọn omi pamọ́ kí odò tó gbẹ. Akàn dé ìdí amọ̀ rẹ̀, ó ti tán. Ó rí òmíràn lókè odò, òun náà funfun báláú.

"Funfun ṣáà ni funfun," ló wí. Kò ṣu díẹ̀, kò sun díẹ̀. Ó fi pa ogún kòkò lára, ó sì sun gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí àwọn ẹranko wá gbé kòkò wọn, Ọ̀pọ̀lọ́, aládùúgbò rẹ̀, na ọrùn wò ó.

"Ìyá Amọ̀kòkò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé amọ̀ ọjọ́sí náà lèyí? Ó ń ṣe mí bíi pé ó yàtọ̀."

"Òun náà ni!" Akàn gbé orí sókè. "Ìwọ tí ara rẹ rí págunpàgun yìí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó ń dán?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀lọ́ lọ pọn omi tirẹ̀ sínú akèrègbè.

Wọ́n pọn omi kún kòkò, odò sì gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, dídán ara kòkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Omi ń jò, ilẹ̀ ń mu ún. Kí wọ́n tó mọ̀, gbogbo kòkò ti gbẹ.

Ẹtu gbé ọmọ rẹ̀ wá. Kò pariwo rárá.

"Ìyá Amọ̀kòkò, ọmọ mi ò lè dìde mọ́. Ṣebí ẹ ní amọ̀ ọjọ́sí ni?"

Akàn fẹ́ sọ pé iná ló fà á. Ó fẹ́ sọ pé ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó wo ahọ́n ọmọ náà tó ti gbẹ, irọ́ sì kọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Mo pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mi ò dán an wò. Mo sì tún purọ́."

Ọ̀pọ̀lọ́ ló gbé akèrègbè omi tirẹ̀ wá. Ó fún ọmọ Ẹtu mu, ọmọ náà lajú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Akàn.

"Ẹ gbà, Ìyá Amọ̀kòkò. Ẹ̀yin náà, ẹ mu díẹ̀."

Áà! Ì bá sàn bí ó bá bú u. Akàn tẹrí ba. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí orí fi rì wọnú àyà. Kódà nígbà tí Ọlọ́run ṣàánú, tí òjò rọ̀, orí náà kò jáde mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Akàn kò ti ní orí lọ́rùn, ojú nìkan ló ń yọ síta. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣu amọ̀ ní kéékèèké, tó ń tò ó sẹ́nu ihò kí oòrùn bá a dán an wò. Bí ó bá sì gbúròó ẹsẹ̀ rẹ, ìtìjú á mú un, á sá wọlé.

Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń pè ní "òun náà ni" lójú ènìyàn, tí Ọlọ́run sì mọ̀ pé o ti pààrọ̀ rẹ̀? Orí rẹ ṣì wà lọ́rùn. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí; lọ sọ òtítọ́ kí omi tó jò tán nínú kòkò.