Bí Odò Ọmù Ṣe Padà Ṣàn

Òjò-rọ̀-kò-bèèrè-olóko,
Ìsun-kékeré-ló-bí-odò-ńlá,
àwọn awo méjì yìí ni wọ́n dífá fún Ọlọ́mù, ọba Òkè-Ọmù, nígbà tí odò ń gbẹ lójú rẹ̀, tí kò mọ ohun tí yóò fi dá a dúró.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Òkè-Ọmù ló wà ní orísun odò náà. Ìsàlẹ̀-Ọmù wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn le, Ọlọ́mù ní kí wọ́n fi amọ̀ àti ìtì igi dí ojú odò, kí omi má baà lọ mọ́. Inú àwọn ará ìlú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n omi náà rogún, ó ń rùn, inú sì ń run àwọn ọmọdé tó mu ún. Ìsun fúnra rẹ̀ ń kéré sí i. Ní ìsàlẹ̀, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ń pọ́n àdá.

Ọkàn Ọlọ́mù kò balẹ̀. Ó tọ awo lọ. Wọ́n ní ire ń bẹ níwájú, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹyẹlé, obì àti aṣọ funfun rúbọ. Wọ́n ní kí ó tú ojú odò sílẹ̀, kí ó pe àwọn ará ìsàlẹ̀ wá jẹun nílé rẹ̀. Èyí kò nira fún un. Èyí tó dùn ún ni ti oko iṣu rẹ̀ tó yí orísun ká. Wọ́n ní kí ó fi í sílẹ̀ fún igbó.

Baba rẹ̀ ló ṣán oko yẹn. Ó délé, ó ròyìn fún olorì rẹ̀, Efúnyẹmí, ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọmù.

Efúnyẹmí ní, “Kábíyèsí, iṣu ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n omi la fi ń sè é.”

Ọba gbà, ó fi oko náà sílẹ̀ fún igbó. Nígbà tó yá, ó rúbọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìtì igi àkọ́kọ́ yọ.

Ọ̀jẹ́wùmí, olórí Ìsàlẹ̀-Ọmù, wá pẹ̀lú ìfura. Wọ́n jẹun, wọ́n sì fẹnu kò: kò sẹ́ni tí yóò gé igi ní orísun. Ìlú méjèèjì yóò jọ gbẹ́ kòtò ńlá tí yóò gba òjò de ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá kéré, ìlú kan yóò bomi rin oko lónìí, èkejì lọ́la. Ọ̀jẹ́wùmí bèèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ igbó.

Ọlọ́mù dáhùn pé, “Ọmọ yín àti ọmọ wa ni. Kí wọ́n jọ máa ṣọ́ ọ.”

Omi kò pọ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ọba ti fi oko ta ọ̀bọ lọ́rẹ. Òun náà a máa lọ wo ilẹ̀ náà, a sì mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi dàgbà, ilẹ̀ orísun tutù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé tó sọ àwọn odò yòókù di yanrìn, Ọmù ń ṣàn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ gbé àgbàdo tuntun wá fún ọba. Òun àti Efúnyẹmí jókòó létí omi, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní sísun. Ó yin awo rẹ̀, awo yin Ifá, Ifá yin Olódùmarè.

Ẹni tó gba ìmọ̀ràn, tó sì yọ̀ǹda ohun tó fẹ́ràn, kì í pòfo. Ẹbọ Ọlọ́mù dà, ó fín. Kí tiwa náà fín.