Ààlà Tó Wà Lọ́rùn Àníkẹ́

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n òun ti pọ̀ jù, kó wá gbọ́ ti Ìbídùn. Lẹ́yìn tí òun àti Adéwùsì ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, owó ìtọ́jú Àníkẹ́ ọmọ wọn kò yé dá ìjà sílẹ̀. Ni Ìbídùn bá ní kí wọ́n pín ọmọ náà lọ́rùn. Eyín dídùn, etí dídùn àti orí fífọ́ di ti bàbá. Inú rírun àti ẹsẹ̀ dídá di ti ìyá. Odindi ọdún kan ni ìjà fi rọlẹ̀.

Àfi bí segede ṣe dé. Ọrùn Àníkẹ́ wú títí kò fi rí itọ́ gbé mì.

Ní ọsibítù, Ìbídùn ní, "Bàbá Àníkẹ́, ọrùn ló gbé orí dúró. Tiyín ni."

Adéwùsì ní, "Orí àyà ló ti hù jáde. Tìẹ ni, Ìyá Àníkẹ́."

Nọ́ọ̀sì àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Níbo gan-an ni ààlà yín wà?"

Ìbídùn na ìka, ó sì fà á kọjá lọ́fun ọmọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń dúńbú adìyẹ. Àníkẹ́ di ojú. Ìgbà náà ni Ìbídùn tó rí ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin òbí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Adéwùsì ti ọwọ́ bọ àpò, Ìbídùn náà tú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Àníkẹ́ rọra fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ ti so orí mi padà?"