Ìpè Láti Orí Àpáta
Ọ̀gá Adéwùsì, tó ni ilé-iṣẹ́ fóònù, ní kí Fẹhìntọ́lá tó ń yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò buwọ́ lu ìwé pé ti ìlú Igbó-Àfọ̀n dáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ bọ́ nìyẹn. “Ẹ ṣáà pè mí láti ibẹ̀, sà. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, mo buwọ́ lù ú.” Ọ̀gá wakọ̀ débẹ̀. Ó pè lójúde ọba, kò lọ. Ó ń sáré kiri bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò ẹ̀, títí ó fi bá àwọn ará ìlú tò sórí àpáta tí wọ́n ti ń pe fóònù. Òun náà gùn ún, ó pè, ìpè wọlé! “Fẹhìntọ́lá, buwọ́ lù ú!” Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn ẹ̀: “Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ó ti kàn mí!” Fẹhìntọ́lá kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sínú ìwé bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì buwọ́ lù ú.