Fìlà Irin Tí Wọn Kì Í Yí Po

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n rẹ́ jẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá. Ògúnléndé ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ títún ìbọn àtijọ́ ṣe ló ń ṣe. Wọ́n lé e kúrò ní àgbẹ̀dẹ tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Iṣẹ́ náà kéré lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọdẹ a máa gbé ìbọn bàbá ńlá wọn wá, kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ irin kékeré tí iná ń gbà wọ inú ìbọn. Irin náà kò ju orí ìka lọ. Ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, àárín gbùngbùn ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan irin á fẹ́lẹ́, iná á sì gba ibẹ̀ jáde sójú ẹni tó yìnbọn.

Nítorí èyí, àgbẹ̀dẹ náà ní fìlà irin kan. Wọ́n á dé e lé irin tí wọ́n fẹ́ lu ihò sí, wọ́n á gba ihò àárín fìlà sàmì sí i. Ìlà kan wà lára fìlà, ìlà kan wà lára irin. Ìlà gbọ́dọ̀ dojú kọ ìlà. Báyìí ni wọ́n bá a, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Bí iṣẹ́ bá parí, fìlà yìí kan náà ni ọ̀gá á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Á dé e padà, á ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ ihò. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, iṣẹ́ dára.

Ní oṣù náà, ọdẹ kan padà wá tòun ti aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọ̀tún rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n tún ṣe fún un ló tu iná sí i lójú. Ọ̀gá yọ irin náà, ó dé fìlà lé e, abẹ́rẹ́ wọlé wẹ́rẹ́.

"Ihò dára," ló wí. "Ẹ̀tù lẹ kì jù, Baba."

Ọdẹ náà ní bí òun ti ń kì í láti ogún ọdún náà ni òun ṣe kì í. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rú Ògúnléndé lójú. Òun ló lu ihò yẹn, orí àmì gan-an ló sì lù ú. Nígbà tí wọ́n fún un ní irin mọ́kànlá mìíràn, kò lo fìlà. Ó ṣe é bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é nílé: ó fi irin há ẹnu ẹ̀rọ, ó ń yí irin, ó sì di ohun ìluhò mú kó dúró sójú kan. Irin tó ń yí ló ń fi àárín ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ó tún yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò tó bá yẹ̀ a máa jó bí irin ti ń yí. Nínú mọ́kànlá yìí, kò sí ọ̀kan tó jó.

Ọ̀gá dé fìlà lé wọn. Abẹ́rẹ́ kò wọ ẹyọ kankan nínú wọn.

"Ògúnléndé, ṣé ẹmu lo mu wáṣẹ́ ni?" Àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ yí i wò. Kò jó."

"Ijó kọ́ la ń wò níbí. Kí wọ́n tó bí ẹ ni fìlà yìí ti wà."

Ó da gbogbo rẹ̀ sínú páńtí irin, ó sì ní kó máa lọ sílé.

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orí ọkùnrin náà fi dàrú. Ojú rẹ̀ ní àárín ni, fìlà ní kì í ṣe àárín. Ó ń wo ihò kọ́kọ́rọ́, ó ń wo ihò bọ́tìnì, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ti ń fọ́jú.

"Bàbá Àńjọlá, bọ́tìnì yẹn kò ṣẹ̀ yín o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àárín rẹ̀ ni mò ń wá."

"Ẹ kúkú bá mi dé ìkòkò yìí."

Ó dé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ìdérí kò balẹ̀, ooru ń gba ibẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò jókòó. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó na ọwọ́, ó yí ìdérí po, àlàfo náà sì bá ìdérí yí lọ sí òdìkejì.

"Ṣé ẹ rí i? Ìdérí ló wọ́. Ìkòkò kò ṣe nǹkan kan."

Ògúnléndé dìde láìjẹun. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Irin mẹ́tàlélógójì wà lórí tábìlì, àwọn ọdẹ ń bọ̀ wá kó wọn.

"Ọ̀gá, ẹ mú èyí tó wù yín nínú ìwọ̀nyí. Ẹ yí fìlà po, kí ìlà kẹ̀yìn sí ìlà, kí ẹ sì ki abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ àárín ni ihò fìlà wà lóòótọ́, abẹ́rẹ́ á wọlé."

"A kì í yí i po."

"Kí ló dé?"

"A kì í yí i po ni."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀, tí wọ́n mú ẹjọ́ wá bá yín pé òfin yín wọ́, tí ẹ sì fi òfin náà gan-an dá ẹni tó pẹjọ́ lẹ́bi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ kò parọ́. Abẹ́rẹ́ yín wọlé. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ jóná.

Ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun padà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè:

"Ẹ yí fìlà náà po lójú gbogbo wa."

Ọ̀gá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò na ọwọ́ sí fìlà náà.