Ìdí Tí Ìdajì Ìrù Òkété Fi Funfun

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù òkété dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, oòrùn yọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè.

Òkété ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí gbogbo ẹranko. Inú ọ̀gán ńlá kan ni ilé náà wà. Ọgọ́ta ihò ló tò sínú rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé òpin. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tí Òkété fi ẹfun kọ orúkọ oníkálukú sí, pẹ̀lú ihò tí ẹrù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá dé kì í wá ẹrù kiri. Á wo pátákó, á sì lọ síbẹ̀ tààrà.

Òfin kan ṣoṣo ló ń yọ Òkété lẹ́nu: ihò kankan kò gbọdọ̀ ṣófo láàárín. Bí ẹnì kan bá ní kí ó da ẹrù òun nù, Òkété á dà á nù, á gbé ti ẹni tó tẹ̀ lé e sí àyè rẹ̀, á gbé ti ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn, títí dé ihò tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, á nu pátákó, á tún gbogbo orúkọ kọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì, orí rẹ̀ dàrú. Erin béèrè ìrèké rẹ̀, ìyẹ́ ológoṣẹ́ ló gbà. Kò rí ìrèké jẹ, ó bá fi ìyẹ́ náà bora sùn. Èékánná rẹ̀ kan ló bò. Nígbà tó jí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Òkété, bí òjò ọ̀la bá bá ẹrù ẹnikẹ́ni níta, tàbí níbi tí kò yẹ, wàá kó jáde nínú ọ̀gán yìí."

Àárọ̀ yìí ni Ìyá Ẹtu wá dé.

"Baba Òkété, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi da ẹrù mi nù, ewé gbígbẹ lásán ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ihò kẹta ni ti Ìyá Ẹtu. Ẹrù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àrá sán.

Òkété sáré sí ihò kẹrin, níbi tí ẹ̀pà Ọ̀bọ wà. Ó kó o títí ọwọ́ fi kún. Ó kó ìyókù sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí agbè. Ọ̀bọ fúnra rẹ̀ wà lórí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Baba, ṣé ẹ ń kó ẹ̀pà mi ni, àbí ẹ ń jẹ ẹ́?"

"Mmm-mmm," ni Òkété wí.

"Ìyẹn ni pé ẹ ń jẹ ẹ́."

Òkété fà sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ bá wọ inú igbá ẹfun. Ó gbé ìrù náà sókè, ó wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ẹ̀pà ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìrù fa ìlà funfun kan sí ẹnu ihò kẹta. Ó da ẹ̀pà Ọ̀bọ padà sí ihò kẹrin. Ó lọ sídìí pátákó, ó nu orúkọ Ìyá Ẹtu nìkan kúrò.

"Ẹ ò tíì da ewé yẹn nù," ni Ọ̀bọ wí.

"Mo ti dà á nù lórí pátákó. Ihò tí mo bá fa ìlà funfun sí lẹ́nu, àyè ti ṣí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹrù tuntun bá dé la ó palẹ̀ ti àtijọ́ mọ́."

"Baba, ìmẹ́lẹ́ yín yìí mà lọ́gbọ́n nínú."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Ìyá Ẹtu padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, mo ti ṣìṣe. Ewé yẹn ni ibùsùn ọmọ mi. Ó ní òun ò ní sùn sórí òmíràn. Ẹ ti dà á nù, àbí?"

"Mo ti dà á nù," ni Òkété wí. "Lọ gbé e."

Ìyá Ẹtu wo ojú rẹ̀, ó wo ihò kẹta. Ewé náà wà níbẹ̀, kò yingin. Ó gbé e mọ́ra, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbàgbé láti dúpẹ́.

Kò tíì rìn jìnnà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi gbé ẹyìn dé. Òkété wo ibi tí ìlà funfun wà, ó kó ẹyìn sí ihò kẹta, ó nu ìlà náà, ó sì kọ orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ sí pátákó. Ká ní Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ dé ni, ewé náà ì bá ti di àwátì.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Erin dé. Ó wo pátákó, ó wo ihò, láti ọ̀kan dé ọgọ́ta. Ó bá ìrèké rẹ̀ níbi tó yẹ. Ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ kíkó jáde mọ́.

Òjò fọ gbogbo ẹ̀yìn ọ̀gán, ó pa Òkété lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè fọ ẹfun ìrù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìdajì ìrù òkété ti funfun. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í kó ọgọ́ta ẹrù kiri nítorí ihò kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ló ń tò wọ́n sún mọ́ra. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pàápàá, ọ̀nà yìí ló ń tọ̀: ohun tí a bá pa rẹ́ nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kúrò, ohun náà á ṣì wà níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi gba àyè rẹ̀.

Òkété na ìrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbẹ, ó sì sùn.