Ìdí Tí Òrùka Kékeré Fi Ń Yí Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, kì í fi àkókò ṣòfò láàárọ̀. Bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ á là, á ní, "Ó yá, kí la fẹ́ ṣe?" Kò sí òrùka kankan tó ń yí lójú rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ fún un ló máa ń gbà gbọ́.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú Etídò. Ohùn kankan kì í jáde sórí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ bí kò bá gba ọwọ́ Kọ̀ǹpútà yìí kọjá. Ṣùgbọ́n kò ní ibi tó lè kó ẹrù sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àpótí, ló ń bá a kó o. Yàrá kejì ni Àpótí wà. Àwo méjìlá ló wà nínú rẹ̀, orin, ìròyìn àti ohùn àwọn àgbà ìlú sì kún inú wọn fọ́fọ́. Wáyà gígùn kan ló so àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pọ̀.

Kọ̀ǹpútà ní ìwé kékeré kan tó ń kà bó bá ti jí. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: orúkọ Àpótí, ọ̀nà ilé Àpótí, àti ilẹ̀kùn tí ẹrù Àpótí ń gbà wọlé. Lábẹ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan kí o tó rí Àpótí."

Ní àràárọ̀, Kọ̀ǹpútà á pè é. "Àpótí, ṣé o jí ire?"

"Mo jí ire o. Gba orin, gba ìròyìn."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Àpótí darúgbó. Ó ń gbóná, ó ń kùn bí oyin. Adégoróyè tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wá ki àwo tuntun bọ inú Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó sì kó gbogbo ẹrù Àpótí síbẹ̀.

Ọ̀gá Ṣówándé, olórí ilé-iṣẹ́ náà, ní ó yẹ kí wọ́n ṣe ẹ̀yẹ ìfẹ̀yìntì fún Àpótí. Wọ́n mu mínírà, wọ́n bá Àpótí ya fọ́tò. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé Àpótí ń lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gba tirẹ̀. Ẹni tó ń gé koríko náà gba tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Adégoróyè pa Kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà yọ, ó sì gbé Àpótí lọ nínú búùtù ọkọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fóònù dún ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹni tó ń ṣọ́ afárá tó wọ ìlú ló ń pè.

"Àǹtí, omi ti wó ẹsẹ̀ afárá o! Ẹ tètè kéde kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀. Ọjọ́ ọjà lòní, ọkọ̀ máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti gbogbo abúlé."

Wúràọlá tó ń ka ìròyìn gbé fóònù sílẹ̀, ó sáré lọ tẹ bọ́tìnì Kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà jí, ó ka ìwé rẹ̀, ó sì pè, "Àpótí, ṣé o jí ire?"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Bóyá ó ń bọ́jú," ni Kọ̀ǹpútà rò. Ó dúró díẹ̀, ó tún pè. Ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lágara.

Ọ̀gá Ṣówándé wọlé. "Ẹ lù ú lẹ́yìn!" Wọ́n lù ú lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Adégoróyè fi ọ̀kadà dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

"Ta lò ń dúró dè?" ló bi í.

"Àpótí ni."

"Àpótí ti lọ!"

"Ìwé mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

Adégoróyè pa orúkọ Àpótí rẹ́ nínú ìwé náà kíá. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tọ ọ̀nà náà dé òpin, ó ń kígbe pé, "Ẹ̀yin tí mi ò mọ orúkọ yín, ṣé ẹ jí ire?" Adégoróyè pa ọ̀nà rẹ́. Kọ̀ǹpútà wá ṣí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó bá yàrá òfìfo, ló bá figbe ta pé olè ti kó gbogbo ẹrù. Ẹrù ọ̀hún sì rèé nínú ara rẹ̀.

Òógùn bo Adégoróyè. Wúràọlá wo agogo.

"Adégoróyè, kí ló kù nínú ìwé náà?"

"Ilẹ̀kùn nìkan ni, Àǹtí. Àti àṣẹ pé kó má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó rí Àpótí."

"Pa méjèèjì rẹ́. Kó o sì kọ ibi tí ẹrù wà gan-an sí i. Ṣé ó yẹ kó fi ọkàn mọ̀ ọ́n ni?"

Ó kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà lajú wàì. Wúràọlá kéde ẹ̀ẹ̀mẹta láìmí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́ ìkéde náà nígbà tó kù bí òpó iná mẹ́ta kó dé afárá. Dẹ́rẹ́bà yí padà. Àwọn èrò bú u pé ojo ni, títí wọ́n fi gbọ́ bí afárá ṣe ya lulẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ọ̀gá Ṣówándé ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ lọ láìsọ fún Kọ̀ǹpútà. Yàrá Àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun Kọ̀ǹpútà wọra. "Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń gé koríko," ló ní. "Èmi tí mo bá a ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́jọ, ẹ ò kà mí sí. Ó dáa. Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lójú ẹsẹ̀ mọ́. Màá kọ́kọ́ yí gbogbo ilé ká, màá kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, kí n tó lajú."

Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, gbogbo wọn sì gbà.

Láti ọjọ́ náà ni òrùka kékeré ti ń yí, tó ń yí, lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Àwọn ènìyàn á pòṣé, wọ́n á ní oorun ló ń kùn ún. Kò sun. Ó ń wo ẹni tó ṣì wà nílé.